Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì Kẹtàlá

"Ìkejìlá ti parí," ni Bàbá àgbà wí. "Ó kan ìkẹtàlá. Gbé e wá."

Ọwọ́ mi dúró sórí ìwé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni, iná wà, fáànù sì ń yí, síbẹ̀ òógùn bo imú mi. Àpótí kẹtàlá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tó máa ń wà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju táwẹ̀lì tí mo ká síbẹ̀ kí ó lè wúwo. Mo fà á jáde, mo gbé e ka orí itan ara mi, mi ò gbé e fún un.

"Ṣé o ti ṣí i?"

"Mo ti ṣí i, Bàbá."

"Wo ara irin àárín, níbi tí bọ́tìnì kejì ti wọlé. Wọ́n fín nọ́ńbà síbẹ̀. Kà á sí mi létí."

Mo ti ya fọ́tò tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì náà lọ́jọ́ kan láti fi yangàn lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo rọra ṣí fóònù mi, mo sì ka nọ́ńbà náà láti inú fọ́tò.

"Ó dáa. Tẹ àwọn bọ́tìnì náà. Ṣé wọ́n ń lọ sókè sódò?"

"Wọ́n ń lọ, Bàbá."

"Kọ ọ́ nígbà náà: ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Mo kọ ọ́.

Ojú Bàbá àgbà ti ń ṣú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ó lè mọ̀ pé ènìyàn dúró níwájú òun, ṣùgbọ́n kò lè kàwé mọ́. Iṣẹ́ reluwé ló ṣe fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ibikíbi tí ọkọ̀ ojú irin bá gbé e dé, ohun èlò orin tó ti gbó ló máa ń rà bọ̀, yóò sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n báyìí nínú yàrá méjì tí a ń gbé ní Sabon Gari, Kano: akọ́díọ́nù, gìtá, sasofóònù, gòjé àwọn Hausa tí wọ́n fi awọ àwọ́nríwọ́n bò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló kọ́ mi pé bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ṣe ló ń ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún èémí. "Bí ọ̀nà bá gùn sí i, ohùn á wálẹ̀," ni yóò wí, inú rẹ̀ á sì dùn bí ẹni pé òun ló ṣe é.

Lóṣù tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ gbiná ní ilé kejì sí tiwa. Gbogbo ẹrù ẹni tó ń gbé yàrá iwájú jóná. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti ń sọ̀rọ̀ adójútòfò. Ó gbọ́ lórí rédíò pé bí ènìyàn bá ń san owó díẹ̀ lọ́dọọdún, bí iná tàbí olè bá dé, iléeṣẹ́ náà yóò dí i fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ kọ gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀, ibi tí ó ti rà á, àti bí ó ṣe rí báyìí. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ wọn yóò wá wò ó, yóò sì díye lé e. Ọjọ́bọ ni òṣìṣẹ́ náà ń bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Ọpẹ́ ni mo yá ní ìkẹtàlá. Bàbá kò mọ̀. Ìkórè ni wọ́n fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó ní ọjọ́ méjì péré. Eruku ọyẹ́ wọ inú bọ́tìnì, wọ́n ń há. Dípò kí ó wá béèrè òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Bàbá máa ń kán sí i, òróró ólífì tí wòlíì wọn ti gbàdúrà sí ni Ọpẹ́ dà sínú rẹ̀. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Òróró náà ki, ó pò mọ́ eruku, ó sì lẹ̀ bí àtè. Ni Ọpẹ́ bá gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún sítóòfù ṣe ní Fagge. Ìyẹn fi pílásì fa bọ́tìnì kejì, irin rẹ̀ sì tẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́jọ́ kejì tí a kọ ìwé náà, mo dúró de Ọpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì Bàbá mi dà?"

"Haba, Oyèníkẹ́! O ò tilẹ̀ kí èèyàn?"

"Mo ní ó dà?"

Ó fa naílọ́ọ̀nù dúdú kan yọ nínú báàgì rẹ̀. "Òun rèé. Ọkùnrin yẹn ní òun ò lè ṣe jù báyìí lọ. Àkọ́kọ́ ń lọ, ìkẹta ń lọ. Méjì nínú mẹ́ta! Máàkì tí mo gbà nínú Ìṣirò ò tó bẹ́ẹ̀."

"O ń rẹ́rìn-ín?"

"Kí n máa sunkún ni? Ojú Bàbá yín ò kúkú ríran."

Ó yẹ kí n gbá a létí fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi náà ti gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn, mo sì gba naílọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ, òṣìṣẹ́ adójútòfò dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màlámà Ramlat ni orúkọ obìnrin náà, ọmọ Kano gan-an, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, "Sannu, Baba," Hausa ni gbogbo wa sì ń sọ láti ìgbà náà lọ. Ó ń ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi nọ́ńbà ara wọn wé èyí tí mo kọ. Nígbà tó kan ìkẹtàlá, mo ṣí àpótí náà fún un.

"Baba, ṣé èyí ń ṣiṣẹ́? Èmi ò mọ nǹkan orin, mi ò fẹ́ fọwọ́ bà á jẹ́."

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni Bàbá dáhùn. "Ọmọ mi ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú rẹ̀ ni ojú mi."

Màlámà Ramlat kọ iye tó gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Lẹ́yìn tí ó parí, ó ka ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù sókè: gbogbo ohun tí mo sọ níhìn-ín, òtítọ́ ni. Ó mú ìka Bàbá lọ síbi tí yóò ti buwọ́ lù ú. Bàbá kọ orúkọ rẹ̀ láìkánjú: J. A. Adéríbigbé. Mo ti àpótí kẹtàlá padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Láti ọjọ́ náà, adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí Bàbá bá ti na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi á ti dìde. "Bàbá, kí lẹ fẹ́? Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un." Ó yà á lẹ́nu bí mo ṣe di ọmọ gidi lójijì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn iléèwé, Ọpẹ́ tẹ̀lé mi. Ó ti gbọ́ ti adójútòfò náà lẹ́nu mi.

"Mo ti rí ọ̀nà àbáyọ," ó wí. "Bàbá yín ti buwọ́ lù ú, àbí? Má ti fèrèsé ní Àìkú. Bí ẹ bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màá wá gbé e. Ìwọ ṣáà pariwo olè nígbà tẹ́ ẹ bá dé. Iléeṣẹ́ á san án, Bàbá á ra tuntun. Ta ló pàdánù níbẹ̀?"

"Ta ni wọ́n máa ní ó jí i?"

"Ẹnikẹ́ni. Ṣé Fisáyọ̀ ò sí nínú ilé yín ni?"

Fisáyọ̀ ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ó ń bá àwọn ènìyàn ṣáàjì fóònù. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọlọ́pàá tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nítorí fóònù kan tó sọnù. Abẹ́ ìrọ̀rí ẹni tó ni ín ni wọ́n ti padà rí i. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn kan ṣì máa ń kó bàtà wọn wọlé bí ó bá ń kọjá.

"Ronú sí i," ni Ọpẹ́ wí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo ronú sí i lóòótọ́.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, Fisáyọ̀ bá wa gbé omi wọlé. Bí ó ti ń jáde lọ, Bàbá pè é.

"Fisáyọ̀, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Bá mi fojú sí yàrá mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Mi ò ní kúrò níwájú ilé."

Mo rí i bí àwọn ọlọ́pàá ṣe máa bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló wà nílé? Òun náà yóò sì dáhùn pé òun ni. Kí Fisáyọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ti wà lórí eékún mi níwájú Bàbá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò fi orúkọ Ọpẹ́ pamọ́, mi ò fi tèmi pamọ́.

Bàbá na ọwọ́, mo gbé tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì náà fún un. Ó tẹ bọ́tìnì àkọ́kọ́. Ó tẹ ìkẹta. Ó tẹ ìkejì, kò lọ. Ó gbé e sí imú.

"Òróró àdúrà," ó wí. "Ṣé wọ́n fẹ́ kí ó máa fọ èdè àjèjì ni?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà mí láyè.

"Kì í ṣe irin tó bàjẹ́ ló dùn mí, Oyèníkẹ́. Irin á máa bàjẹ́. Mo fi orúkọ mi sábẹ́ irọ́, mi ò sì mọ̀. Pe Màlámà yẹn. Ìwọ ni kó o sọ fún un."

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, Màlámà Ramlat ní kí n tún un sọ. "Mo ti fi ìwé náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì," ó wí níkẹyìn. "Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fojú ara mi rí i pé ó ń ṣiṣẹ́."

Iléeṣẹ́ náà dá gbogbo ìwé wa padà, wọ́n ní kí a dúró fún oṣù mẹ́ta kí a tó tún béèrè. Wọ́n fún Màlámà Ramlat ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí pé kò tẹ bọ́tìnì. Obìnrin tí kò ṣẹ̀ wá lẹ́ṣẹ̀ kankan. Ọpẹ́ pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ ní gbangba, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Oṣù mẹ́ta náà gùn. Bí jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni bá ti wúkọ́, mo máa ń sáré jáde lọ wò bóyá èéfín wà. Bí yàrá wa bá jóná nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀, èmi ni mo sì fà á.

Lọ́sàn-án, èmi àti Bàbá tún gbogbo ìwé náà kọ. A tú èyí tó ṣe é tú, a tẹ èyí tó ṣe é tẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá ka nǹkan kan, Bàbá á fi ìka ara rẹ̀ wá a kó tó gbà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Màlámà Ramlat padà wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ gbogbo bọ́tìnì, ó fa gbogbo okùn gòjé. Ní ìkẹtàlá, ó ka ohun tí mo kọ sókè: "Kò ṣiṣẹ́. Irin bọ́tìnì kejì ti tẹ̀. Èmi, Oyèníkẹ́, ni mo yá a jáde láìgba àṣẹ." Iye tí ó kọ síwájú rẹ̀ kò ju iye irin pàǹtí lọ.

Ó gbé fọ́ọ̀mù síwájú Bàbá. Bàbá tì í sọ́dọ̀ mi.

"Ẹni tó kọ ọ́ ni kó kọ́kọ́ buwọ́ lù ú."

Mo buwọ́ lù ú; kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Bàbá kò tíì fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní kí Màlámà Ramlat kọ́kọ́ ka ìwé náà fún òun láti òkè dé ìsàlẹ̀; Màlámà ni kó kà á, kì í ṣe èmi. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹni tó bá parọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á máa wo òtítọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á.