Ọ̀bọ Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Àgbà

Ẹni tó bá pè é ní irọ́, kó wọ Mùṣín lọ, kó béèrè ilé Tìrìmísíyù káfíńtà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn ṣì wà láyé. Wọn kì í fẹ́ sọ ọ́ ni.

Ayé ìjọba sójà ni. Tìrìmísíyù ra ọ̀bọ kékeré kan ní Ìdó, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè. Ó sọ ọ́ ní Làákáyè. Kò fi ẹgba kọ́ ọ. Láràárọ̀, bó bá fẹ́ lọ kí Bàbá Àkàngbé, àgbà tó ń gbé yàrá iwájú, á mú ọ̀bọ náà dání. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọ̀bọ á máa wò ó. Nígbà tó yá, òun náà na ara sílẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀. Bàbá fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Dìde, ọmọ mi." Ìgbà yẹn ni ọ̀gá rẹ̀ tó fún un ní ẹ̀pà. Bí ọwọ́ kò bá tíì kàn án lẹ́yìn, Làákáyè kò ní dìde, òjò ì báà máa rọ̀.

Òkìkí kàn. Àwọn èèyàn ń ti Sùúrùlérè wá wò ó.

"Bàbá Munirah," ni Sàúdátù, ìyàwó rẹ̀, wí, "ẹ ò ṣe kọ́ àwọn àbúrò yín náà?"

"Àwọn wo? Ẹ̀pà Mùṣín ò lè tó wọn."

Orí Tìrìmísíyù wú. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e: ọ̀bọ náà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kéré sí ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá sójà kan kó sójà méjì wọ àgbàlá. Ilé ìdílé Tìrìmísíyù, níbi tí wọ́n sin àwọn baba ńlá rẹ̀ sí, ló fẹ́ gbà. Ó ti gba ilé mìíràn ládùúgbò, ó ti lé àwọn onílé síta. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó gbé ìbọn ló ni ilẹ̀. Ta lẹ fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn?

"Mo gbọ́ pé ọ̀bọ ẹ mọ̀wà á hù," ni ọ̀gá sójà wí. "Ní kó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kí ìwọ náà tẹ̀ lé e. Bóyá mo lè fi ilé yìí sílẹ̀ fún ẹ."

"Mo ti bí irú yín lọ́mọ, ọ̀gá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò ní dọ̀bálẹ̀."

Sàúdátù fa Munirah ọmọ wọn mọ́ra. Tìrìmísíyù tú okùn lọ́rùn ọ̀bọ. "Làákáyè, ṣe bó o ṣe ń ṣe."

Ọ̀bọ náà wo ọ̀gá sójà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó lọ sí ìdí ògiri, níbi tí kò sẹ́nì kankan. Ó dọ̀bálẹ̀.

Sójà kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹ̀rọ ìlọta ojúlé kejì ti dákẹ́. Òòlù àwọn mẹkáníìkì ti dákẹ́. Gbogbo Mùṣín pa lọ́lọ́.

Irun ẹ̀yìn ọ̀bọ náà tẹ̀ wọlé, bí ìgbà tí ọwọ́ bá bà lé e. Ó tún tẹ̀. Làákáyè dìde.

Ó sún síwájú díẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀. Irun tún tẹ̀. Bó ṣe ń yí àgbàlá po nìyẹn, bí ọmọ tó bá àwọn àgbààgbà níjòkòó, tí kò fẹ́ fo ẹnì kankan. Òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ gba gbogbo ibẹ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀gá sójà gan-an ló dọ̀bálẹ̀ sí kẹ́yìn.

Fìlà ṣí kúrò lórí ọkùnrin náà. Ó rọra ṣí ni. Atẹ́gùn kò fẹ́. Fìlà bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló wà lẹ́yìn mi?" Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Irọ́ lẹ pa."

Kò wẹ̀yìn. Kò mú fìlà. Ó rìn jáde bí ẹni tí wọ́n dì lọ́rùn mú, àwọn sójà rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e. Bóyá yóò padà wá, bóyá kò ní padà, kò sẹ́ni tó lè sọ.

Tìrìmísíyù rìn lọ sí ìdí ògiri. Òun tó kọ̀ fún ìbọn, ó na ara sílẹ̀ gbalaja. Kò mọ ẹni tó ń kí. Ẹ̀rọ ìlọta kò tíì padà fọhùn.

"Bàbá Munirah, ẹ dìde. Wọ́n ti lọ."

Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ wà létè rẹ̀.

"Sàúdátù, rọra," ó wí. "Wọn ò tíì ní kí n dìde."