Ìbọn Tí Mo Rò Pé Ó Ti Ṣófo

Owú ló mú mi ra ìbọn. Mi ò ní parọ́.

Èmi àti Enoch jọ fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan náà, a sì jọ ń gbé ní òpópónà kan náà ní Festac. Ṣùgbọ́n òun ni gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù. Wọ́n ní ìbọn ló wà nínú àpò aláwọ tó máa ń so mọ́ ìgbànú. Ní ìpàdé àwọn onílé, bó bá ti húkọ́ lásán, ariwo á dákẹ́. Bí èmi bá dìde sọ̀rọ̀, fóònù ni wọ́n á máa tẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Ni mo bá ra ìbọn ìléwọ́ kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Alákijà, tuntun, dúdú, kò ní ìwé kankan. Mo pe Enoch àti Dorothy ìyàwó rẹ̀ wá jẹun lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Mo gbé ìbọn náà jáde. "Ìwọ nìkan kọ́ lo ní in."

"Ní kí ni?" Enoch béèrè.

"Ìbọn. Tìẹ tó wà nínú àpò yẹn ńkọ́?"

Ó ṣí àpò náà. Ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni. "Akíntúndé, dókítà ló ní kí n máa gbé e kiri."

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo fa mágasínì tí ọta wà nínú rẹ̀ yọ kúrò ní ibi tí ọwọ́ ti ń di ìbọn mú. "Ó ti ṣófo báyìí. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún." Mo kọjú rẹ̀ sí ògiri, mo fi ìka sí tíríga, irin tí wọ́n ń fà kí ìbọn tó yìn.

"Bọ̀dá, ẹ yọ ìka yín." Dorothy rọra sọ ọ́. Ogún ọdún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn ọlọ́pàá ń kó ìbọn pamọ́ sí. "Ẹ gbé e sórí tábìlì."

Mo gbé e síbẹ̀. Dorothy mú un, ó dorí ẹnu ìbọn náà kodò, ó fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn. Ọta kan fò jáde, ó yí lọ sábẹ́ àga.

"Mo ti yọ mágasínì kẹ̀," ni mo wí.

"Inú mágasínì kọ́ ló wà, Bọ̀dá. Tẹ́ ẹ bá fa irin òkè yìí sẹ́yìn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, á ti ọta kan wọ ìdí ọ̀pá ìbọn. Tó bá sì yìn, irin yẹn á tún padà sẹ́yìn fúnra ẹ̀, á ti òmíì wọlé. Ẹni tó tà á fún yín ti fà á. Ọ̀kan ti jókòó síbẹ̀, mágasínì tẹ́ ẹ yọ ò kàn án. Ẹ tún wò ó, kò sí ohun ìdènà tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ara tíríga ni wọ́n ṣe é mọ́. Ìka tó bá ti fà á ti ṣí i nìyẹn."

"Kò sọ fún mi."

"Ẹni tó ń ta ìbọn ní kọ̀rọ̀? Kí ló kàn án?"

Ìgbà náà ni Ṣìmí ọmọ mi jáde láti kíṣìnnì. Ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ló ti ń fọ abọ́. "Dádì, ṣé kí n gbé omi wá?"

Enoch ló dá a lóhùn.

Dorothy pe ọlọ́pàá wá gbé ìbọn náà lọ. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo bí mo ṣe rà á fún wọn.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ra ìbọn tí òfin ò fún yín láṣẹ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i níbikíbi, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe ọlọ́pàá. Ẹ má sì gbà láé pé ìbọn ti ṣófo nítorí pé wọ́n yọ mágasínì rẹ̀. Èmi ni mò ń jowú, ọmọ mi ni ì bá kú.