Afínjú Tún Eyín Pẹ́pẹ́yẹ Tò

Afínjú ni gbogbo ilé ń pè é.

Bó bá bọ́ bàtà, á tò ó. Bó bá mu omi, á fọ ife. Kódà, bí ológbò bá na ìrù sílẹ̀, Afínjú á ká a fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Afínjú jí. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó sáré lọ wo Pẹ́pẹ́yẹ.

Pẹ́pẹ́yẹ yìí kì í ṣe ẹyẹ o! Ọkọ̀ Ìyá Àgbà ni. Ojú rẹ̀ tóbi, ìdí rẹ̀ rí róbótó. Ó dàgbà ju Mọ́mì lọ.

Ó ti pẹ́ tí Pẹ́pẹ́yẹ ti rìn gbẹ̀yìn. Lójoojúmọ́, Ìyá Àgbà á wọ inú rẹ̀. Wọ́n á di sítíárìn mú, wọ́n á máa wo iwájú. Pẹ́pẹ́yẹ ò ní lọ síbì kankan. Ó máa ń dun Ìyá Àgbà gan-an.

Mẹkáníìkì ni Mọ́mì. "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Mọ́mì wí. "Pẹ́pẹ́yẹ á rìn."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mọ́mì kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n dè é padà. "Gbùrù-gbùrù-gbùrùrùrù!" Ẹ́ńjìnnì jí!

Àmọ́ Pẹ́pẹ́yẹ ò kúrò lójú kan.

"Gíábọ́ọ̀sì ló kù," ni Mọ́mì wí. "Ẹ́ńjìnnì ló ní agbára. Gíábọ́ọ̀sì ló ń gbé agbára náà fún táyà."

Láàárọ̀ Sátidé yìí, Mọ́mì tú gíábọ́ọ̀sì kúrò lábẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n sì ṣí i. Afínjú yọjú wo inú rẹ̀.

Eyín! Eyín! Eyín! Irin róbótó-róbótó ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní eyín yíká.

"Mọ́mì, kí ló ń fi gbogbo eyín yìí jẹ?"

"Kì í fi jẹ nǹkan kan. Ṣe ni wọ́n ń fi eyín di ara wọn mú. Bí ọ̀kan bá yí, èkejì náà á yí."

Mọ́mì ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń tò wọ́n sórí aṣọ ìbùsùn Ìyá Àgbà, èyí tó funfun báláú.

"Yéè! Aṣọ mi!" ni Ìyá Àgbà ké. "Epo dúdú ti bà á jẹ́!"

"Ẹ má bínú, Màámi. Òun nìkan ni mo rí."

"Òun nìkan lo rí, àbí òun lo mọ̀ pé mo fẹ́ràn jù?"

Ìyá Àgbà wọlé lọ. Mọ́mì jáde lọ ra ọ́ìlì. Ó wá ku Afínjú nìkan.

Afínjú wo àwọn irin náà. Ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré. Kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gígùn. Gbogbo rẹ̀ rí rúdurùdu.

"Háà," ni Afínjú wí. "Mọ́mì ò ráyè tò ó dáadáa."

Ó mú àkísà. Fìrì, fìrì! Ó nu gbogbo wọn. Ó kó wọn sórí bẹ́ǹṣì. Ó tò wọ́n: kékeré, kékeré díẹ̀, ńlá díẹ̀, ńlá, ńlá gan-an! Ó sì ká aṣọ náà sínú abọ́ ìfọṣọ.

Inú Afínjú dùn.

Mọ́mì dé. Ọ́ìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ta ló kó wọn kúrò níbẹ̀?"

"Èmi ni, Mọ́mì. Mo bá yín tò ó. Ṣé kò dáa?"

Mọ́mì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọn ò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba Afínjú lẹ́rù.

"Bí wọ́n ṣe ń jáde ni mo ṣe tò wọ́n, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí wọ́n padà wọlé. Mi ò tú irú ẹ̀ rí. Tá a bá ṣì í tò, Pẹ́pẹ́yẹ ò ní rìn."

Àyà Afínjú já. Pàà! Omi bọ́ lójú ẹ̀. "Ṣé mo ti ba ọkọ̀ Ìyá Àgbà jẹ́ nìyẹn?"

Mọ́mì mú irin kan. Wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n mi orí. Wọ́n mú òmíràn. Wọ́n tún mi orí.

Ìyá Àgbà jáde wá. Wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Kò burú," ni wọ́n wí, àmọ́ ojú wọn fà ro. "Ó kúkú ti pẹ́ tó ti wà lójú kan. Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ fọ aṣọ mi."

Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi. Ṣùúù! Wọ́n na aṣọ náà. Wọ́n fẹ́ tì í bọ omi.

Afínjú rí àmì dúdú kan lára aṣọ náà. Róbótó ni. Ó rí róbótó míì, kékeré. Ó rí ọ̀kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹ dúró! Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́!"

Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró sókè.

Afínjú gba aṣọ náà. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó mú irin kékeré kan, ó gbé e sórí àmì epo kan. Kò bá a mu. Ó gbé e sórí òmíràn. Kò bá a mu. Ó tún gbé e sórí òmíràn.

Ó bá a mu! Eyín bá eyín mu!

"Mọ́mì, ẹ wò ó! Àyè ẹ̀ nìyí! Epo ti ya àwòrán ẹ̀ síbẹ̀!"

Mọ́mì fò dìde. "Èyí ńkọ́?"

"Ibí!"

"Èyí ńkọ́?"

"Ibí!"

Ìyá Àgbà náà kúnlẹ̀ tì wọ́n. "Èyí ńkọ́?"

"Rárá, Ìyá Àgbà, ẹ yí i. Ẹ̀ẹ́n! Ibí!"

Gbogbo wọn pé. Kò ṣẹ́ ku ọ̀kan.

Mọ́mì mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ o!" Wọ́n gbá Afínjú mọ́ra. "O tiẹ̀ tún nù wọ́n mọ́ fún mi. Àmọ́ lọ́jọ́ mìíràn, kọ́kọ́ bi mí."

"Mo gbọ́, Mọ́mì."

Mọ́mì kó wọn padà sínú gíábọ́ọ̀sì, wọ́n sì dè é. Kírí, kírí, kírí. Wọ́n da ọ́ìlì sí i. Wọ́n gbé e padà sábẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ tó parí.

Ìyá Àgbà di sítíárìn mú. Mọ́mì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Afínjú wà lẹ́yìn, ó di ojú ẹ̀ pinpin.

Gbùrùrùrù! Ìyá Àgbà ki jíà kìíní. Kọ́! Pẹ́pẹ́yẹ rìn! Jíà kejì. Kọ́! Jíà kẹta. Kọ́!

Afínjú la ojú. Igi ń lọ. Ilé ń lọ. "Ó ń sáré o!"

Wọ́n dé òpin òpópónà. Ògiri ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn, jíà ẹ̀yìn nìkan ni wọn ò sì tíì dán wò. Ìyá Àgbà ki jíà ẹ̀yìn.

Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀!

"Yéè!" Afínjú di àga mú.

"Ẹ fẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì dáadáa, Màámi."

Kọ́! Pẹ́pẹ́yẹ fi ẹ̀yìn rìn, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Ọkàn Afínjú wá balẹ̀ pátápátá.

Wọ́n padà délé. Mọ́mì sọ̀ kalẹ̀. Afínjú sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Àgbà ò sọ̀ kalẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ ò ní wọlé ni?"

"Kí n wọlé ṣe kí ni? Ó ti pẹ́ jù tí mo ti ń jókòó sílé."

"Ibo lẹ wá ń lọ, Ìyá Àgbà?" ni Afínjú bi wọ́n.

"Mi ò tíì mọ̀!"

Kọ́! Ìyá Àgbà gbéra. Ẹ̀rín wọn gba gbogbo òpópónà. Afínjú ń ju ọwọ́ sí wọn, títí wọ́n fi yà ní ìkòríta.