Ohun Tó Ń Ké Níbi Sàréè Bàbá

Bí ọkọ̀ náà ṣe dé ẹ̀gbẹ́ sàréè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Barigye rọra fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ náà, síbẹ̀ igbe ẹ́ńjìnnì ń ga sí i, jíà tó máa ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì pààrọ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gbì. Gbogbo wọn mì lórí ìjókòó, igbe náà sì dákẹ́, ọkọ̀ ń gun òkè lọ.

"Ọkọ mi tún ti kanlẹ̀kùn," ni ìyá Ninsiima wí.

"Ìyá Ninsiima, ẹ má wo ẹ̀yìn mọ́," ni Barigye, àbúrò ọkọ rẹ̀, dáhùn. Òun náà kò wo ẹ̀yìn.

Ninsiima jókòó sẹ́yìn wọn, ó ń wo èékánná rẹ̀ tó dọ̀tí fún ọ́ìlì.

Inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ni wọ́n sin Tibesigwa, bàbá rẹ̀, sí, létí ọ̀nà gan-an níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, ọkọ̀ yìí ló fi ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ní ìlú Kabale. Kó tó ra ọkọ̀, engozi ni gbogbo ará òkè gbójú lé, ibùsùn tí wọ́n fi igi hun, tí ọkùnrin mẹ́rin ń gbé léjìká. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì hó, gáskẹ́ẹ̀tì jó, ìyá sì fẹ́ ta ọkọ̀ náà.

"Ẹ má tà á, màmá. Màá tún un ṣe," ni Ninsiima wí.

Barigye rẹ́rìn-ín. "À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú."

Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọmọdébìnrin náà ti ń na sípánà sí bàbá rẹ̀, ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe lórí fóònù. Kí ọlidé tó parí, ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin òkè hó ìhó ayọ̀ fún un. Nílé ẹ̀kọ́, Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju oyin lọ.

Ohun kan wà tí kò sọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi jíà, òun ni jíà fi ń mọ bí awakọ̀ ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ tó. Nígbà tó ń tú ẹ́ńjìnnì, ohun tó di wáyà náà mú ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gé tíúbù kẹ̀kẹ́, ó fi so ó, ó sì fà á le dáadáa kó má baà tú. Láti ọjọ́ náà ni jíà ti ń rò pé eré àsápajúdé ni awakọ̀ ń sá, kì í sì í pààrọ̀ àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ké dójú ẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga, níbi sàréè, ló sì ti máa ń ké jù.

Àwọn ará òkè ní Tibesigwa ló ń sunkún. Ninsiima kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà bo òun láṣìírí, ó bá panu mọ́. Ó mọ ohun tó ń ké, síbẹ̀ bó bá gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́, orí rẹ̀ máa ń wú.

Ìyá rẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti jà láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkùnrin náà kú, kò tilẹ̀ fún un lóúnjẹ. Láràárọ̀ báyìí, ó ń gbé igbá obushera, ẹ̀kọ mímu ọkà bàbà, lọ síbi sàréè. Láti ojú fèrèsé ni ọmọ rẹ̀ ti ń gbọ́ ọ: "Tibesigwa, kí ni kí n tún ṣe? Mo ní kí o má bínú."

Ninsiima á ní lọ́la lòun máa jẹ́wọ́. Ọ̀la á dé, ẹnu rẹ̀ á wúwo.

Òjò àárọ̀ pa ìyá náà níbi sàréè títí, ibà gbé e dè. Barigye gbé e sínú ọkọ̀ láti gbé e lọ sí ọsibítù, Ninsiima sì bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi sàréè tí ọkọ̀ ké, ìyá ṣílẹ̀kùn, ó já bọ́ sínú ẹrẹ̀.

"Kò fẹ́ kí n kọjá. Ẹ fi mí sílẹ̀ fún un."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò padà sínú ọkọ̀. Ni Barigye bá fọn fèrè ọkọ̀, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbé engozi sì sáré jáde. Wọ́n gbé e léjìká, wọ́n ń gun òkè nínú òjò. Ẹrẹ̀ yọ̀ mọ́ ẹni iwájú lẹ́sẹ̀, ó fi orúnkún balẹ̀, ìyá sì kígbe. Ninsiima sáré síwájú, ó di igi engozi mú.

"Kúrò níbẹ̀, ọmọ mi," ni Bitariho, olórí ẹgbẹ́, wí. "Ẹni tó ni aláìsàn kì í gbé e. Ojú tó ń sunkún kì í rí ọ̀nà."

"Bàbá Bitariho, èmi ni mo fà á. Kì í ṣe bàbá mi ló ń ké." Ó sọ ti wáyà, ó sọ ti tíúbù, ó sọ pé òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ wọn nìkan ló ń dún nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó ṣe, ohùn wá láti inú engozi.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ìyá rẹ̀ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó yá. Kó tó kúrò ní ọsibítù, Ninsiima ti gé tíúbù náà dànù, ó wá ohun gidi tó ń di wáyà mú, ó sì dẹ wáyà náà bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tí ìyá ń bọ̀ wálé, Barigye gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ilé, ìyá sì ní kó tún gbé òun gun òkè náà padà. Ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè wọ́ọ́rọ́. Jíà pààrọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Dúró," ni ìyá wí. Ó tẹ́tí, ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Omijé wá ń dà lójú rẹ̀. "Mo rò pé ó ń dá mi lóhùn ni. Ó kéré tán, mo rò pé ó ń gbọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ninsiima ju kí wọ́n nà án lọ. Ó ti sọ bàbá rẹ̀ di òkú tó ń bínú, ó sì tún ti gba òkú náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló gbé igbá obushera lọ síbi sàréè. "Bàbá, orúkọ yín ni mo bà jẹ́ nítorí tèmi," ló wí. Ìyá rẹ̀ jáde, ó sì jókòó tì í. Ẹni tó bá di ẹ̀bi rẹ̀ ru òkú, òkú kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn òkú náà ni ẹrù yóò wọ̀ lọ́rùn.