Kóòtù Tí Bàbá Àgbà Rán

Eyínfúnjowó jí. Ó wọ kóòtù rẹ̀.

Kóòtù búlúù ni. Bọ́tìnnì pupa mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Bàbá àgbà ló rán an.

Télọ̀ ni Bàbá àgbà. Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ wọn máa ń ké: kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀!

Bàbá àgbà ti lọ sọ́run báyìí. Màmá àgbà da aṣọ bo ẹ̀rọ náà. Ilé wá dákẹ́.

Eyínfúnjowó sáré jáde. Pó! Bọ́tìnnì kan já.

Gbiri, gbiri, gbiri. Ó yí wọ inú gọ́tà. Jàbú! Omi gbé e lọ.

"Yéè!" Eyínfúnjowó yára bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Fààà! Ìṣó ara gèètì fa àpò kóòtù rẹ̀ ya.

Ó wọlé tẹkúntẹkún. "Màmá àgbà! Bọ́tìnnì mi sọnù. Àpò mi tún ya. Kóòtù Bàbá àgbà ti bàjẹ́!"

Màmá àgbà gbé e lé itan. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Pa ẹnu dé, kí eṣinṣin má wọlé."

Wọ́n nu ojú rẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí Bàbá àgbà máa ń wí? Ìyà ńlá gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré tún gorí ẹni."

"Kí wá ni wọ́n máa ń ṣe?"

"Wọ́n á ní, 'Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé kékeré sọ̀kalẹ̀ ná.'"

Eyínfúnjowó ronú. Bọ́tìnnì tó sọnù ni ìyà ńlá. Àpò tó ya ni kékeré.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká rán àpò!"

Màmá àgbà wo ẹ̀rọ. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò, díẹ̀díẹ̀.

Eyínfúnjowó yí inú àpò síta. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle kan.

"Màmá àgbà, kí ló wà nísàlẹ̀ àpò yìí?"

Màmá àgbà tú òwú ibẹ̀. Bọ́tìnnì pupa kan jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn!

"Ẹ wá wo bàbá yìí o!" Màmá àgbà ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. "Gbogbo aṣọ tí wọ́n bá rán ni wọ́n máa ń fi bọ́tìnnì kan pamọ́ sí. Mo ti gbàgbé pátápátá."

"Wọ́n mọ̀ pé màá sọ ọ̀kan nù!"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́, alásáré?"

Màmá àgbà fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀! Àpò di odindi.

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde. Bọ́tìnnì tún pé mẹ́ta.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da aṣọ bo ẹ̀rọ mọ́."

"N kò ní bò ó mọ́, ọkọ mi. Lọ mú yẹ̀rì rẹ tó ya lọ́jọ́sí wá."

Eyínfúnjowó rẹ́rìn-ín títí gbogbo eyín rẹ̀ fi hàn.

Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀! Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ.