Tíṣà Fẹ́ Wọ Ilé Iṣẹ́ Áàpù

Láàárọ̀ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kì í ṣófo. Ẹnì kan á wà lórí àga, aṣọ lọ́rùn. Àwọn tó kù á máa dúró de ìgbà tó máa kàn wọ́n, wọ́n á sì máa dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n.

Ìyàwó onígbàjámọ̀ jókòó sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò tipẹ́ kó tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù orí fóònù. Ó ti wá iṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ mélòó kan, wọn ò mú un. Ní báyìí, ọ̀kan ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí ayélujára. Inú ẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á.

Kò-séwu ni wọ́n ń gẹrun fún lọ́jọ́ náà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn, torí kò sí ohun tí wọ́n bá bá a sọ tí kì í fi "kò séwu" dáhùn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun náà ń ṣe.

"Tíṣà, kí lẹ̀ ń da ara yín láàmù fún?" ló sọ. "Èmi á wà ní yàrá kejì. Nǹkan kékeré báyìí lẹ máa kì sétí, ìborí yín á bò ó. Tí wọ́n bá ti bi yín ní ìbéèrè, màá sọ èsì sí yín létí. Ẹ kàn máa tún un sọ ni. Kò séwu."

Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ ìgẹrun. "Ṣé o ti ṣe é rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, àìmọye èèyàn ni mo ti bá gbaṣẹ́."

"Tíṣà, ṣé o gbọ́? Olùrànlọ́wọ́ wá bá wa nílé."

Ọkàn Tíṣà ò gbà á, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a padà lẹ́nu ọ̀nà ti sú u. Kí Kò-séwu tó dìde lórí àga, ó ti ní òun gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀ wá. Obìnrin ni, irun kíkúrú ló sì máa ń gẹ̀. Kì í gbé orí ẹ̀ fún ẹlòmíì yàtọ̀ sí àbúrò ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tó ń yan òṣìṣẹ́ tuntun níbẹ̀.

Tayọ̀tayọ̀ ni àbúrò ẹ̀ fi ròyìn ètò Kò-séwu fún un. Obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè.

"Pa ẹ̀rọ yẹn ná. Ìyàwó mi, sún mọ́ mi. Ṣé o mọ bá a ṣe ń yan èèyàn?"

"Ẹni tó bá dáhùn jù ni mo rò pé ẹ máa ń mú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bíi ti ìdánwò ilé ìwé? Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn bíi mẹ́ta ló máa bá ọ sọ̀rọ̀. Kálukú á kọ èrò tiẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbọ́ tẹnì kejì, ká má baà máa tẹ̀ lé ẹnu ọ̀gá. Lẹ́yìn náà la máa wá jókòó, tá a máa bára wa jiyàn. Báwo ló ṣe ronú? Nígbà tọ́rọ̀ dojú rú, kí ló ṣe? Ṣé a lè bá a ṣiṣẹ́ kórí má fọ́ wa?"

"Tí mi ò bá wá mọ ìdáhùn ńkọ́?"

"Sọ pé o ò mọ̀ ọ́n, kó o sì sọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ṣé àwa náà mọ gbogbo ẹ̀ ni?"

Àbúrò ẹ̀ dá sí i. "Ta ló máa wá mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ ọ́ sí i létí?"

"A máa ń mọ̀. A bi ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè, ó dákẹ́, ojú ẹ̀ ń wo àjà, lẹ́yìn náà ló wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn. A yí ìbéèrè díẹ̀, gbogbo ẹ̀ dàrú. Ọ̀kan tiẹ̀ ráyè kọjá. Nígbà tó dénú iṣẹ́, tá a ní kó tún ohun tó lóun fúnra òun ṣe ṣe lójú wa, kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. A ní kó máa lọ, àmọ́ àánú ẹ̀ ṣe mí." Ó kọjú sí àbúrò ẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ bá ìyàwó ẹ gbaṣẹ́, ṣé á máa bá a lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ ni?"

Onígbàjámọ̀ họrí. "Mi ò rò ó débẹ̀. Ṣé kí n máa gẹ irun yìí lọ?"

"Máa gẹ̀ ẹ́. Àmọ́ má fi ìbínú gẹ̀ ẹ́."

Tíṣà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Kò-séwu: ó dúpẹ́, àmọ́ òun á dá a ṣe. Ẹ mọ ohun tó fi dá a lóhùn.

Nígbà tọ́jọ́ pé, èèyàn mẹ́ta yọjú lójú kọ̀ǹpútà. Tíṣà ló kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó mú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́?" Obìnrin kan láàárín wọn fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un.

Wọ́n wá fi áàpù kan hàn án tó ń sọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa dé. Nígbà míì, bọ́ọ̀sì á ti lọ, áàpù á ṣì máa sọ pé ó ń bọ̀. Wọ́n ní kó wá ibi tí àṣìṣe wà. Ó wá a, ó wá a, kò rí i. Òógùn yọ nímú ẹ̀.

"Mi ò mọ ibi tó wà," ló sọ. "Àmọ́ ẹ jẹ́ n máa sọ ohun tí mò ń rò síta, bí mo ṣe máa ń ṣe fáwọn ọmọ kíláàsì mi. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lórí fóònù èrò ọkọ̀, kí ni áàpù yìí máa ń fi hàn án?"

"Àkókò tó fi hàn án kẹ́yìn," ọkùnrin kan ló fèsì.

"Irọ́ ló ń pa fún un nìyẹn. Ì bá sàn kó sọ pé òun ò mọ̀."

Ọkùnrin náà, tó ti le ojú látìbẹ̀rẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí wọ́n máa pe Tíṣà lórí fóònù, wọ́n ní ẹlòmíì tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà làwọn mú. Ọkàn ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Àmọ́ obìnrin tó pè é, ẹni tó ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ náà, ò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, ká tó bára wa sọ̀rọ̀ rárá. A ń wá ẹni tó máa máa dán áàpù wò kó tó dọ́wọ́ ará ìlú. Ṣé ẹ lè bá wa ṣe é?"

Tíṣà ní òun gbà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ọ́ sí ọkọ ẹ̀ létí. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó di ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ méjèèjì mú, kò sì fi í sílẹ̀.

"Ẹ bá wa yọ̀," ló wí fún oníbàárà tó wà lórí àga.

"Mo bá yín yọ̀ tọkàntọkàn," oníbàárà fèsì. "Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí apá òsì orí mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wáṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni máa bá yín dáhùn ìbéèrè ní kọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ èèyàn, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa wò lára yín. Ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, bó ti wù kó kéré mọ. Bí wọn ò bá sì mú yín, ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè ìdí. Nígbà míì, kì í ṣe pé ẹ ò tó iṣẹ́ ṣe, ibẹ̀ ló bá ẹlòmíì mu jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbani síṣẹ́ náà, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá fún gbogbo ẹni tó bá wá, kí kálukú yín sì kọ èrò ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jọ sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá sọ òótọ́ nípa ohun tí kò mọ̀, èèyàn lè fọkàn tán an lórí ohun tó lóun mọ̀.