Ikọ́ Abẹ́ Ariwo Ẹ̀rọ Ata

Morufat kì í wúkọ́ nígbà tí ilé bá dákẹ́. Bí ikọ́ bá gbé e, á fi ìborùn dí ẹnu, omi á máa dà lójú rẹ̀, títí wọ́n á fi tan ẹ̀rọ ata tó wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìgbà yẹn ló tó máa wú u dáadáa.

Ó ti lé lóṣù kan. Ó ń rù, òógùn ń bò ó lóru. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo yàrá ilé ọkọ rẹ̀ dojú kọ. Bí wọ́n bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ńkọ́? Ta ló máa bá a jẹun mọ́? Àǹtí Hàwáwù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló tiẹ̀ ń bẹ̀rù jù. Ẹnu ìyẹn kì í sinmi.

Ẹ gbà mí o! Àìsàn ń pa èèyàn lọ, ohun tí ará ilé máa sọ ló ń rò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá Taslimah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, níbi tó ti fi aṣọ dí ẹnu, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló dé?"

"Mọ́mì, mo fẹ́ wúkọ́. Wọn ò tíì tan ẹ̀rọ."

 Morufat gbé ọmọ, ó sáré jáde bá Àǹtí Hàwáwù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ikọ́ kan ló ń ṣe mí..."

"Èyí tó o ń fi ẹ̀rọ bò? Ṣé adití ni wá ni? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí, kí wọ́n má baà ní mo kórìíra ìyàwó ilé."

"Ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù ẹnu èèyàn?"

"Ìyàwó, ta ni kì í bẹ̀rù ẹ̀? Ó yá, láàárọ̀ ọ̀la, a jọ ń lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ni."

Àyẹ̀wò fi hàn pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó ti ran Taslimah náà. Morufat bú sẹ́kún.

"Ẹ má sunkún, ó ń lọ pátápátá," Nọ́ọ̀sì Adéníkẹ́ sọ fún un. "Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Bí ara bá tilẹ̀ yá, ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró títí a ó fi ní kẹ́ ẹ dúró. Abọ́ oúnjẹ kọ́ ló ń tàn án kálẹ̀, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ máa ṣí fèrèsé. Kí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé wá ṣàyẹ̀wò."

Àǹtí Hàwáwù ló kó gbogbo ilé wá. Ẹnu tí Morufat ń sá fún náà ló fi pè wọ́n, ní yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ bo ẹnu yín kí ó má baà ran ẹlòmíì. Ẹ má bò ó nítorí ohun tí wọ́n máa sọ. Àwọn ọmọ yín ń wò yín.